7.62 kì í ṣe orúkọ ọta kan ṣoṣo o

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ 7.62 yìí, torí ó ti ń dùn mí. Gbogbo ìgbà tọ́rọ̀ ìbọn àwọn ará Rọ́ṣíà bá ti délẹ̀, ẹnìkan á sáà sọ pé "ṣebí 7.62 ni gbogbo ẹ̀, ọta kan náà ni wọ́n ń lò látìgbà ogun Hitler títí dórí AK." Ọ̀rẹ́ mi kan ti ẹ̀ fẹ́ fi búra. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èèyàn méjì lè máa jẹ́ Táíwò kí wọ́n má mọ ara wọn rí, bí àwọn ọta wọ̀nyí ṣe rí nìyẹn.

Ibo ni nọ́ńbà yẹn ti wá gan-an? Láyé àwọn Tsar, kì í ṣe mìlímítà ni wọ́n fi ń wọn ihò ọ̀pá ìbọn ní Rọ́ṣíà, nkan tí wọ́n ń pè ní líníyà ni, ìdá kan nínú mẹ́wàá ínṣì. Ìbọn Berdan tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ jẹ́ líníyà mẹ́rin lé díẹ̀. Nígbà tó wá di 1891, wọ́n gba ìbọn tuntun tí Sergei Mosin ṣe, ihò tiẹ̀ jẹ́ líníyà mẹ́ta péré. Líníyà kan jẹ́ mìlímítà 2.54, ẹ ṣírò ẹ̀ wò, 2.54 lọ́nà mẹ́ta, 7.62 ló máa fún yín. Àwọn sójà kì í ti ẹ̀ dárúkọ Mosin, "trekhlineyka" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn onílíníyà mẹ́ta.

Ṣẹ́ ẹ rí i báyìí? Ihò ọ̀pá ìbọn ni nọ́ńbà yẹn ń wọ̀n. Kò sọ bí ìkarahun ọta ṣe gùn tó, kò sọ bí ẹ̀tù inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kódà orí ọta fúnra ẹ̀, èyí tó ń fò jáde, kì í ṣe 7.62 gan-an. Torí àwọn ìlà tí wọ́n gbẹ́ sínú ọ̀pá, tó ń mú kí ọta máa yí bó ṣe ń lọ, orí àwọn ibi tó ga ni àwọn ará Rọ́ṣíà ti wọ̀n ọ́n, àmọ́ ọta ní láti kún inú kòtò ìlà náà, ìdí nìyẹn tí orí ọta wọn fi tó nkan bíi 7.92. Ti NATO tí wọ́n ń pè ní 7.62 pẹ̀lú, 7.82 ni orí ọta tiẹ̀. Orúkọ kan náà, ìwọ̀n ọ̀tọ̀.

Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ wọn sì ti ní ẹ̀rọ tó ń lu ihò yẹn, wọn ò wulẹ̀ wá ìwọ̀n míì. Ìbọn ìléwọ́ TT gba 7.62, PPSh, ìbọn kékeré tó ń yìn léraléra tí wọ́n fi ja Stalingrad, gba 7.62, ṣùgbọ́n ọta kékeré ni, ìkarahun ẹ̀ ò ju mìlímítà 25 lọ, ara ọta Mauser ti Jámánì ni wọ́n ti mú un jáde. Ti Mosin jẹ́ 54. Nọ́ńbà kejì yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn máa wò, òun ló ń sọ gígùn ìkarahun.

Ẹ tún gbọ́ èyí o, "R" tó wà nínú 54R, orúkọ ọta Mosin, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Russia ló dúró fún. Rárá. Etí tó yọ yíká ìdí ìkarahun ọta yẹn ni wọ́n ń sọ. Etí yẹn ò yọ ẹni tó ń ki ọta bọ ìbọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́nu, àmọ́ ó da àwọn tó ń ṣe ìbọn tó ń ki ara ẹ̀ láàmú gan-an, torí etí ọta kan lè há mọ́ tèkejì nínú magasíìnì.

Ibi tọ́rọ̀ kábáìnì, ìyẹn ìbọn gígùn tí wọ́n ṣe ní kúkúrú, ti wọlé nìyí, ibẹ̀ ló sì dùn jù lójú tèmi. Mosin gùn, irú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 91/30 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 123, ẹni tó ń gẹṣin tàbí tó ń wa ọkọ̀ báwo ló ṣe fẹ́ máa gbé e kiri? Wọ́n bá ń gé e kúrú, 1907, 1938, tí wọ́n tún fi bẹ́nẹ́ẹ̀tì tó ń ká sí ti 1944. Ṣùgbọ́n wọn ò yí ọta padà! Ọta tí wọ́n ṣe fún ọ̀pá gígùn ni wọ́n ń yìn nínú ọ̀pá kúkúrú, ẹ̀tù ò tíì jó tán tí orí ọta ti jáde, iná ńlá á bú lẹ́nu ìbọn, ó máa dún gbàmù, á sì gbá èjìká.

Wọ́n wá rí i pé gígé ìbọn nìkan ò tó. Ní July 1943 wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe ọta tí ò lágbára tó ti Mosin, tó sì ju ti PPSh lọ. Elizarov àti Semin ló ṣe é, ìkarahun ẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ 41, lẹ́yìn tí wọ́n tún orí ọta ṣe ló tó di 39. Ọta Mosin kan tó gíráàmù 22, tuntun yìí ò ju bíi 16 lọ, kò sì ní etí. Simonov ṣe SKS fún un, kábáìnì tó ń ki ara ẹ̀, ọta mẹ́wàá nínú magasíìnì tí kì í kúrò lára ìbọn, wọ́n gbé díẹ̀ lọ dán wò lójú ogun ní Belarus kí ogun tó parí, wọ́n sì gbà á fún ológun ní 1949.

AK náà wọlé ní 1949, ọta 7.62×39 yẹn lòun náà ń jẹ. Torí náà ẹni tó bá ní SKS àti AK ń jẹ ọta kan náà, òótọ́ ló sọ, mi ò bá a jà. Ibẹ̀ ló jọ pé àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú ti àwọn méjì yìí, wọ́n nà án dé orí gbogbo ìbọn Rọ́ṣíà.

Ní 1970, ẹ lè rí sójà Soviet méjì nínú pùlátúùn kan ṣoṣo, ọ̀kan gbé AKM, ìyẹn AK tí wọ́n tún ṣe, tó ń jẹ 7.62×39, ìkejì gbé SVD tí wọ́n fi ń yìnbọn ọ̀nà jíjìn, tó ń jẹ 54R ti Mosin. 7.62 ló wà lára páálí ọta àwọn méjèèjì. Tí ọta bá tán lọ́wọ́ ọ̀kan, ìkejì ò lè yá a ní ẹyọ kan.