Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì nínú Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀

Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ jẹ́ ìwádìí lórí ìkọ́ni tí Yunifásítì Ifẹ̀ (Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ òde òní) bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970 ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ló darí rẹ̀, àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà sì fowó ràn án lọ́wọ́.

Ìlànà

Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn kíláàsì tí wọ́n fi dán ètò náà wò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn tí wọ́n fi wé wọn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin.

Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì

Ibí yìí ni ètò náà ti wúlò jù fún olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Ọmọ tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ní láti wo nǹkan, kó béèrè, kó méfò, kó dán an wò, kó sì ròyìn ohun tó rí. Gbogbo ìwọ̀nyí ń fẹ́ èdè tó yọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu. Bí àpẹẹrẹ, ọmọ tó ti rí tanwíji nínú omi ìkòkò lè sọ ní Yorùbá pé ó máa ń gòkè wá sójú omi. Bí olùkọ́ bá bi í pé kí ló ń wá, ó lè ní afẹ́fẹ́ ni. Láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, wọ́n á wá da epo díẹ̀ sójú omi inú ife kan kí afẹ́fẹ́ má lè kàn án, wọ́n á fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì máa ṣọ́ méjèèjì. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì yé e ni wọ́n fi bi í, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìdáhùn inú ìwé ni yóò há sórí. Kíláàsì kẹrin, tí èdè yí padà, sì ni ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń le sí i.

Àbájáde

Àwọn ọmọ inú ètò náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n èdè nìkan kọ́ ló yí padà: ìwé tuntun wà, wọ́n sì dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Kò rọrùn láti sọ bí ipa ọ̀kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ tó.

Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fagi lé e ní oṣù Kọkànlá 2025.