Ṣé ìwé ló dùn sí i ni, àbí èrò ló bọ́ sílẹ̀?

“Ṣáà fara dà á, iwájú ló ti ń dùn.” Kò sí bí èèyàn ṣe máa béèrè nípa ọ̀wọ́ ìwé àjẹ́ tí wọ́n kọ fún àwọn ọ̀dọ́, àwọn ìtàn mérìíyìírí tó kún fún òkùnkùn àti ẹ̀jẹ̀ yẹn, tí kò ní gbọ́ gbólóhùn yìí. Bó bá ní apá kìíní kò dùn mọ́ òun, wọ́n á ní kó lọ wo ìràwọ̀ tí àwọn òǹkàwé fún un: apá kìíní gba nǹkan bíi 3.6 nínú 5, apá kejì sún mọ́ 4.1, apá kẹta ti ń lọ sí 4.4. Kí ló tún kù? Ọwọ́ òǹkọ̀wé ti mọ́ iṣẹ́, ìtàn ti gbóná, ẹni tó já sílẹ̀ ní apá kìíní ti pàdánù.

Pé nọ́ńbà náà ń gòkè, òótọ́ ni. Ẹ ṣí ojú ìwé irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ mélòó kan lórí Goodreads, ìkànnì tí àwọn òǹkàwé ti ń fún ìwé ní ìràwọ̀, ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn ló ń ga láti apá kan sí èkejì bí ẹni ń gun àkàbà. Ohun tó ń gbé e gòkè ni àwọn èèyàn ò fẹ́ wò. Wọ́n gbà pé ìwé ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn òǹkàwé, tí wọ́n dà bí èrò inú ọkọ̀, ló dín kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà. Ká ní 100 èèyàn ka apá kìíní. 30 fún un ní ìràwọ̀ 5, 30 fún un ní 4, 20 fún un ní 3, 12 fún un ní 2, 8 yòókù fún un ní 1. Gbogbo ìràwọ̀ náà pọ̀ jẹ́ 362. Bí a bá pín in fún 100, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 3.62.

Ta ni yóò wá ra apá kejì? Nínú 30 tó fún ti àkọ́kọ́ ní 5, ká ní 27 tẹ̀ síwájú. Nínú àwọn tó fún un ní 4, 20. Nínú àwọn tó fún un ní 3, 6 péré, torí ẹni tó bá ní ìwé kan “ò burú” kì í sáré lọ ra èkejì rẹ̀. (Lórí Goodreads, ohun tí ìràwọ̀ mẹ́ta túmọ̀ sí gan-an ni pé òǹkàwé fẹ́ràn ìwé náà. Àwọn èèyàn ló sọ ọ́ di èébú.) Nínú àwọn tó fún un ní 2, ẹnì kan ṣoṣo, bóyá torí pé inú páálí kan náà ló ti ra gbogbo apá rẹ̀ pọ̀. Nínú àwọn tó fún un ní 1, kò sí. Àwọn 54 ló kù nínú ọkọ̀.

Ká wá sọ pé apá kejì kò dùn ju apá kìíní lọ rárá, kò sì burú jù ú lọ, tí oníkálukú sì fún un ní iye ìràwọ̀ tó fún ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Ó jẹ́ 235. Ẹ pín in fún 54: 4.35. Láti 3.62 sí 4.35, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nínú adùn ìwé. Ní apá kẹta, ká ní 25 nínú àwọn olólùfẹ́ paraku, 14 nínú àwọn oníràwọ̀ mẹ́rin àti ẹnì kan nínú àwọn oníràwọ̀ mẹ́ta ló dé ibẹ̀. Èèyàn 40, ìràwọ̀ 184. Ìyẹn jẹ́ 4.6. Ìwé tí adùn rẹ̀ dúró sójú kan ti di ìwé tí gbogbo ayé ń yìn.

Èyí tó tún jọni lójú ni pé ìwé lè bàjẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì máa gòkè. Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn 54 yẹn. Ká ní apá kejì já ìdajì wọn kulẹ̀, tí 27 sì yọ ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ohun tí wọ́n fún apá kìíní. 235 dín 27 jẹ́ 208. Ẹ pín in fún 54: 3.85. Ìdajì àwọn tó kà á ló ní ó ti dín kù, síbẹ̀ ó ga ju 3.62. Ẹni tó bá ń wo nọ́ńbà méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á sì ní, “Ẹ rí i? Mo sọ fún yín.”

Ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìràwọ̀ tí àwọn 46 tó bọ́ sílẹ̀ ìbá fún apá kejì. Kò sí ìkànnì tó kọ ọ́ sílẹ̀, torí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kì í ní àkọsílẹ̀. Ẹni tí kò ka apá kejì kò fún un ní òdo. Kò fún un ní nǹkankan, ìpíndọ́gba sì máa ń ṣe bí ẹni pé wọn ò bí i rí. Bẹ́ẹ̀, ní apá kìíní, ìpíndọ́gba ti àwọn 46 yẹn nìkan jẹ́ nǹkan bíi 2.76. Bí a bá fi tipátipá mú wọn padà wọ ọkọ̀, tí wọ́n sì fún apá kejì ní iye tí wọ́n fún ti àkọ́kọ́, 3.62 la ó tún bá níbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìwé àjẹ́ ló sì yẹ kí èyí ti le jù, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà lára èèpo ìwé ń kó èrò tí ibi tí wọ́n ń lọ ò jọra sínú ọkọ̀ kan. Òmíràn ń wá ìfẹ́, òmíràn ń wá ẹ̀rù. Òmíràn rò pé ilé ẹ̀kọ́ àti ìgbálẹ̀ tó ń fò lòun máa bá. Òmíràn kò ní ka ojú ewé kan, orúkọ àjẹ́ ti tó fún un láti tẹ ìràwọ̀ kan kó sì máa lọ. Àgbàlagbà á tún wà níbẹ̀ tó ń bínú pé ọmọ ọdún 16 ń hùwà bí ọmọ ọdún 16. Ẹ má sì rò pé àgbàlagbà kò tó nǹkan nínú èrò yìí: ní ọdún 2012, ìwádìí ilé-iṣẹ́ Bowker ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ra ìwé ọ̀dọ́ ti pé ọmọ ọdún 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó lè wà nínú èyíkéyìí nínú wọn. Ọmọbìnrin kan fi abẹ́rẹ́ gún ìka ara rẹ̀, ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ orúkọ ẹnì kan sára ògiri, onítọ̀hún sì ṣubú lulẹ̀ gbì ní yàrá kejì. Òǹkàwé kan á ní: “Ibi ẹ̀jẹ̀ yẹn ni mo ti pa ìwé dé. Ìràwọ̀ kan.” Òmíràn á ní: “Ibi ẹ̀jẹ̀ yẹn! Ilẹ̀ mọ́ mi lójú. Márùn-ún.” Ojú ewé kan náà ni wọ́n ń wí. Kò sí èyí tó tíì sọ bóyá òǹkọ̀wé mọ̀ ọ́n kọ tàbí kò mọ̀ ọ́n kọ nínú wọn. Tó bá di apá kejì, ẹnì kejì nìkan ló máa ṣẹ́kù tí yóò sọ̀rọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé èrò kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, kó wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí èrò bá ń wọlé dípò kó máa bọ́ sílẹ̀. Ní 2014, àwọn olùwádìí méjì, Balázs Kovács àti Amanda Sharkey, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi àwọn ìwé tó gba ẹ̀bùn ńlá wé àwọn tó dé ìpele ìkẹyìn àmọ́ tí wọn ò gbà á. Lẹ́yìn tí wọ́n kéde ẹ̀bùn, ìràwọ̀ àwọn tó gbà á ló jábọ́ jù. Ìwé ò yí padà. Orúkọ ẹ̀bùn ló pe àwọn tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í wù tẹ́lẹ̀ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùwádìí náà kò ní ìyẹn nìkan ló fà á.

Wọ́n á ní, “Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kì í fi ìwé sílẹ̀ láìparí.” Wọ́n wà. Wọn ò pọ̀ tó láti fa ìpíndọ́gba sílẹ̀ ni. Wọ́n á tún ní apá kẹrin tí kò tíì jáde pàápàá ti ní 4.8. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó fu wọ́n lára. Goodreads ń gba ìràwọ̀ fún ìwé tí kò tíì jáde. Lára àwọn tó ń fún un nígbà yẹn ni àwọn tí atẹ̀wé fún ní ẹ̀dà ṣáájú ọjọ́ ìtajà, àti àwọn olólùfẹ́ tí ara ń yá gágá tí wọn ò tíì rí gbólóhùn kan níbẹ̀. Kí ìwé máa dùn kí wọ́n tó kọ ọ́ tán, iṣẹ́ àjẹ́ ni lóòótọ́.

Ohun tó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé àwọn kan náà tó ń sọ pé “iwájú ló ti ń dùn” ló tún ń sọ pé apá kejì máa ń jáni kulẹ̀ nígbà gbogbo. Ìkejì yìí ní ẹsẹ̀ díẹ̀ nílẹ̀ o. Ẹni tó fún apá kìíní ní 5 kò ní ibi tó lè gùn mọ́. Kó dúró tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ ló kù. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàlẹ́nu àkọ́kọ́ kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun méjì ló wá ń fa okùn náà: àwọn tó kù ń rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn tó lọ sì ń gbé nọ́ńbà gòkè. Nọ́ńbà ojú ìwé nìkan kò lè sọ èyí tó borí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ní láti fi èèyàn kan wé ara rẹ̀. Kó lọ sí ojú ìwé apá kẹta, kó fo àwọn àgbéyẹ̀wò tó wà lókè pátápátá, torí ohun tí àwọn olólùfẹ́ yìn jù ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Kó mú bí 30 òǹkàwé nísàlẹ̀, kó wọ ojú ewé ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó kọ iye tó fún apá kìíní sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó fún apá kẹta. Bí ẹnì kan bá fún gbogbo apá ní ìràwọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kó yọ ọ́ kúrò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrántí ló fi ṣe é. Àwọn tó fún apá kìíní ní 3 àti 4 ni kó tẹjú mọ́ jù, torí àwọn ló ní àyè láti gòkè. Bí púpọ̀ nínú wọn bá gòkè, a jẹ́ pé nǹkan kan ń bẹ níbẹ̀. Kó rántí pé Goodreads kò ní ààbọ̀ ìràwọ̀, nítorí náà 3 àti ààbọ̀ ẹnì kan lè jẹ́ 4 lónìí kó jẹ́ 3 lọ́la. StoryGraph, ìkànnì òǹkàwé mìíràn tó jọ Goodreads, ń gba ìdámẹ́rin ìràwọ̀, ìyípadà kékeré sì máa ń hàn níbẹ̀.

Ó tún lè fi iye àwọn tó fún apá kẹta ní ìràwọ̀ wé ti apá kìíní. Bí 100,000 bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tí 40,000 sì wà ní apá kẹta, ohùn 60,000 ni kò sí nínú 4.4 yẹn. Gbogbo wọn kọ́ ló sá o. Àwọn míì ṣì wà lọ́nà, pàápàá bí ìwé bá jẹ́ tuntun, àwọn míì kà á tán láìtẹ nǹkankan.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó ṣì lè jẹ́ lóòótọ́ ni ọ̀wọ́ kan dùn sí i. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Apá kìíní ló máa ń ru ẹrù àlàyé: ta ni àjẹ́, ibo ni agbára ti wá, kí ni òfin rẹ̀, apá tó tẹ̀ lé e lè sáré torí pé ẹrù ti kúrò lórí rẹ̀. Àmọ́ ìràwọ̀ kọ́ ló máa fi ìyẹn hàn yín.

Ibi tó ti léwu ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rà á fún ọmọ. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọ̀wọ́ yìí, bí ọmọbìnrin inú ìtàn ṣe ń dàgbà ni ìtàjẹ̀sílẹ̀ ń pọ̀ sí i, orúkọ “ìwé ọ̀dọ́” sì wà lára gbogbo apá bákan náà, fún ọmọ ọdún 12 àti ọmọ ọdún 18. Ẹni tó bá lọ wo àgbéyẹ̀wò apá kẹrin kò ní rí ẹni púpọ̀ tó ń pariwo ẹ̀jẹ̀, torí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń bà lẹ́rù ti bọ́ sílẹ̀ ní apá kìíní. StoryGraph ní àkójọ ìkìlọ̀ tí àwọn òǹkàwé ń fi sílẹ̀, wọ́n sì pín in sí ìpele mẹ́ta bí nǹkan náà ṣe le tó, ó sì wúlò. Àmọ́ àwọn tó ṣẹ́kù náà ló ń kọ ọ́, ohun tó le lójú ẹlòmíì lè ti di eré lójú wọn. Ẹ padà sí apá kìíní, kí ẹ wá ohun tó lé àwọn èèyàn lọ. Ìràwọ̀ 2 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 1: àwọn oníràwọ̀ 2 sábà máa ń ka ìwé náà, wọ́n sì máa ń sọ orí tí wọ́n ti dúró.