Ẹ̀dà Kan Ṣoṣo: Bí Ìwé Aláràbarà Ṣe Ń Jáde Láìsí Atẹ̀wéjáde

Ká ní ẹnì kan kọ ìwé lórí gbogbo bọ́tìnnì tó ti já lára aṣọ rẹ̀ láti kékeré. Ó ya àwòrán wọn, ó sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti já àti ẹni tó bá a wá a. Ojú ìwé 120 ni. Ó dùn ún kà, kò sì sí irú ẹ̀ níbì kankan. Tó bá gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wéjáde, wọn ò ní kọ́kọ́ béèrè bóyá ó dùn. Èèyàn mélòó ló máa rà á ni wọ́n máa béèrè. Àwọn òǹkọ̀wé máa ń ka ìbéèrè yìí sí ìwọ̀sí, ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ti wá.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní offset, tí wọ́n fi ń tẹ ìwé tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í gba ojú ìwé bó ṣe wà. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán sórí páànù aluminium pẹlẹbẹ. Àwòrán aláwọ̀ máa ń gba páànù mẹ́rin fún ojú kọ̀ọ̀kan bébà: ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún yẹ́lò, ọ̀kan fún dúdú. Wọ́n á so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n á máa fi bébà dán an wò títí àwọ̀ á fi jókòó, bébà tí wọ́n fi dán an wò á sì lọ sí ààtàn. Gbogbo owó yìí ti jáde kí ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó ṣeé tà tó jáde. Bí wọ́n bá tẹ ẹ̀dà 50, àwọn 50 náà ló máa gbé ìnáwó yẹn. Bó bá jẹ́ 5,000, ti ọ̀kọ̀ọ̀kan á fúyẹ́. Ìwé bọ́tìnnì tó ní òǹkàwé ọgọ́ta kò burú rárá. Ọgọ́ta yẹn ni kò lè gbé ẹrù náà.

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ kọjá ìdènà yìí gbọ́dọ̀ ní owó tàbí kó ní ọwọ́. William Blake ní ọwọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1789, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń kọ ewì rẹ̀ ní àkọyípo sórí bàbà, bí ìgbà tí èèyàn ń ka ìwé nínú dígí, ó sì ń fi ohun olómi tí ásíìdì kò lè jẹ kọ ọ́. Ásíìdì á jẹ bàbà tó yí ọ̀rọ̀ ká, ọ̀rọ̀ á yọ sókè, Blake á sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Òun àti Catherine ìyàwó rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ kun àwọn ẹ̀dà náà, nítorí náà kò sí ẹ̀dà méjì tó bára mu délẹ̀délẹ̀. Beatrix Potter ní owó díẹ̀. Àwọn atẹ̀wéjáde ò gba ìwé ehoro rẹ̀, ó sì fi owó ara rẹ̀ tẹ ẹ̀dà 250 ní December 1901. Kékeré ló fẹ́ kí ìwé náà jẹ́, kí ọwọ́ ọmọdé lè ká a. Ní 1902, ọ̀kan nínú àwọn tó ti kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ padà wá gbà á.

Ohun tó yí ìṣirò náà padà ni ẹ̀rọ tí kò nílò páànù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dígítà ń ka fáìlì bí ẹ̀rọ ọ́fíìsì ṣe ń kà á, ó kàn tóbi, ó sì yára ni, nítorí náà ẹ̀dà kan ṣoṣo kò ná an ju bí ẹ̀dà kan nínú ẹgbẹ̀rún ṣe ná an lọ. Ní 1997, ilé-iṣẹ́ Ingram ní Amẹ́ríkà dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún títẹ ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí oníbàárà bá ṣe ń béèrè. Bob Young, tó wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà Red Hat sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ Lulu, ìkànnì tí òǹkọ̀wé ti lè tẹ ìwé ara rẹ̀ jáde, ní 2002. Amazon ṣílẹ̀kùn tirẹ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé ní 2007, lọ́dún tí Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé rẹ̀, jáde.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹnì kan sanwó fún ìwé bọ́tìnnì lórí fóònù. Ní àsìkò yẹn ìwé náà kò tíì sí. Fáìlì PDF méjì ló wà, ọ̀kan fún inú, ọ̀kan fún èèpo. Ẹ̀rọ kan á tẹ inú, òmíràn á tẹ èèpo, àmì onílà tó wà lára wọn ni ẹ̀rọ fi ń mọ èyí tó ni èyí, kí èèpo ìwé oúnjẹ má lọ bo ìwé ẹ̀mí àìrí. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù gbígbóná lẹ̀ wọ́n pọ̀, ọ̀bẹ ẹ̀rọ á gé ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tó kù kí ó dọ́gba, wọ́n á sì dì í fún ẹni tó rà á. Kò sí ẹrù ìwé lábẹ́ ibùsùn òǹkọ̀wé.

Ibi tó ti máa ń dá àwọn alákọ̀ọ́ṣe lágara ni eegun ẹ̀yìn ìwé, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, tí orúkọ rẹ̀ ń hàn lórí pẹpẹ. Èèpo iwájú, eegun ẹ̀yìn àti èèpo ẹ̀yìn jẹ́ àwòrán kan ṣoṣo, torí náà èèyàn gbọ́dọ̀ mọ bí ìwé ṣe máa nípọn tó kó tó ya á. Ní Amazon, ojú ìwé kan lórí bébà aláwọ̀ mìlíìkì jẹ́ 0.0025 íǹṣì. Ìwé bọ́tìnnì olójú ìwé 120 á wá jẹ́ 0.3 íǹṣì. Bí òǹkọ̀wé bá rántí bọ́tìnnì mẹ́wàá mìíràn lẹ́yìn tí èèpo ti parí, tó fi ojú ìwé 40 kún un, eegun ẹ̀yìn á di 0.4 íǹṣì, orúkọ ìwé á sì máa yọ́ kúrò láàárín bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ìwé tí kò bá ju ojú ìwé 79 lọ kò tilẹ̀ lè gba ọ̀rọ̀ kankan sí eegun ẹ̀yìn. Lórí pẹpẹ, kò lórúkọ.

Ẹ̀rọ yìí gba kí ohun tó wà nínú ìwé ṣàjèjì bó bá ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kò gba kí ìwé fúnra rẹ̀ ṣàjèjì. Ó ní ìwọ̀n tó mọ̀, bébà tó mọ̀. Ìwé tó ní ihò láàárín, tí wọ́n fi okùn rán, tàbí tí àwòrán ń dìde nígbà tí wọ́n bá ṣí i, kò kọjá ẹnu ọ̀nà ibẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ irú èyí ń padà sí ọwọ́. Ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ká sí méjì tí wọ́n sì fi píìnì há láàárín ló rọrùn jù, òfin kan ló sì ní: iye ojú ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé fi 4 pín, torí bébà kan tí wọ́n bá ká á máa ní ojú mẹ́rin. Tó bá jẹ́ ojú ìwé 16, bébà mẹ́rin ni, ojú ìwé 1 sì máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 16, 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 15, títí dé àárín tí 8 ti pàdé 9. Ìgbàkígbà tí èèyàn bá ro méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pọ̀, 17 ló máa jẹ́. Bí kò bá jẹ́ 17, àṣìṣe ti wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ Riso tí wọ́n ń ṣe ní Japan gbajúmọ̀ láàárín àwọn oníwèé pẹlẹbẹ yìí. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní agolo roboto tirẹ̀ (drum) nínú ẹ̀rọ, àwọ̀ kejì sì lè má bọ́ sórí ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, ó lè yẹ̀ díẹ̀. Àbùkù lèyí lójú oníṣòwò, àmọ́ torí ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá nílò offset lóòótọ́ ń lọ sí Kickstarter, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń dá owó jọ fún iṣẹ́ tí kò tíì jáde, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Ó máa sọ iye tó ń wá. Bí owó náà kò bá pé lọ́jọ́ tó dá, kò sẹ́ni tí wọ́n máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìṣirò atẹ̀wéjáde náà ló padà wá, àfi pé àwọn òǹkàwé ni wọ́n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè "èèyàn mélòó?" kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun.

Lẹ́yìn èyí ni nọ́ńbà. ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀ lọ́jà, ní nọ́ńbà 13. Kí 2007 tó wọlé, 10 ni. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn kò sọ nǹkan kan nípa ìwé, ọlọ́pàá ló jẹ́ fún àwọn tó kù. Ẹ wo èyí tí wọ́n sábà fi ń ṣe àpẹẹrẹ: 978-0-306-40615-7. Wọ́n á fi 1 sọ àkọ́kọ́ di púpọ̀, 3 sọ ìkejì, 1 sọ ìkẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé ìkejìlá. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 93. Ohun tó kù kó tó pé 100 ni 7, òun ló sì wà nípẹ̀kun. Bí akọ̀wé ilé ìtàwé bá ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀, ìṣirò kò ní bára mu, kọ̀ǹpútà á kọ̀ ọ́. Amazon ń fúnni ní ISBN lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìwé bébà, àmọ́ ẹni tó bá gbà á kò ní rí orúkọ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ níbi tí orúkọ atẹ̀wéjáde yẹ kó wà.

Nígbà tí títẹ̀ kò nira mọ́, ìdènà ṣí lọ sórí pẹpẹ. Ibẹ̀ ló ṣì wà. Kọ̀ǹpútà àwọn olùtàwé ń fẹ́ mọ ẹ̀ka tí ìwé wà, ìwé aláràbarà sì jẹ́ èyí tí kò ní ẹ̀ka. Ṣé ìtàn ìgbésí ayé ni ìwé bọ́tìnnì ni? Ṣé aṣọ rírán? Ṣé àwàdà? Amazon gba ẹ̀ka mẹ́ta àti àpótí méje fún ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè fi wá a. Tèmi ni pé kí òǹkọ̀wé mú ẹ̀ka tó wọ́pọ̀ jù, tí kò dùn létí pàápàá, kó sì jẹ́ kí orúkọ ìwé àti èèpo ṣe àràbarà. Kò sẹ́ni tí í wá ohun tí kò mọ̀ pé ó wà. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí àti fọ́tò ojú ìwé kan tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ló sábà ń ta irú ìwé yìí.

Ilé ìtàwé gidi ní tiẹ̀. Wọ́n fẹ́ ẹ̀dínwó tó pọ̀. 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni òǹkọ̀wé sábà ń yọ sílẹ̀ kí alágbàtà àti ilé ìtàwé pín in. Wọ́n tún fẹ́ ẹ̀tọ́ láti dá èyí tí kò tà padà. Òǹkọ̀wé ló máa san owó ìwé tó padà yẹn, ìwé 20 tó padà lẹ́ẹ̀kan sì lè jẹ gbogbo èrè rẹ̀ ọdún kan.

Ẹni tó mú ìṣirò ẹ̀dà kan yìí dé òpin rẹ̀ ni Philip Parker, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òwò. Ó kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń fa ìsọfúnni jọ, tó sì ń tò ó di ìwé. Ó sọ pé ìwé òun lé ní 200,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í di bébà àyàfi bí ẹnì kan bá rà á. Ọ̀kan nínú wọn, tó sọ nípa ọjà ike wàrà oníwọ̀n mílígíráàmù 60 kárí ayé, gba ẹ̀bùn Diagram ti 2008, èyí tí ìwé ìròyìn The Bookseller ń fún ìwé tí orúkọ rẹ̀ ṣàjèjì jù lọ́dún. Ẹ wo bí mílígíráàmù 60 ṣe kéré tó. Ṣíbí kò lè bù ú. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀ (AI) wá di ti gbogbo èèyàn, Amazon fi òté lé e ní 2023: ìwé tuntun mẹ́ta péré lójúmọ́ fún ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìwé bọ́tìnnì. Kó tó di títà, òǹkọ̀wé lè ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà ìdánwò fún òun, tí wọ́n ń fa ọ̀já kan kọjá lórí èèpo rẹ̀ pé kì í ṣe títà. Ó ṣí i, ó rí i pé bọ́tìnnì ojú ìwé 47 dorí kodò. Ó tún fáìlì ṣe, ó tún un gbé sókè. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ìwé ti jáde, ẹnì kan tún rí àṣìṣe mìíràn, ó sì tún un ṣe. Àtúnṣe kékeré báyìí kò gba ISBN tuntun, kò sì sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ra ìwé náà ní January àti ẹni tó rà á ní June di nọ́ńbà kan náà mú, èèpo kan náà, ṣùgbọ́n ìwé ọwọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.