Ẹ̀rọ INEC mọ ìka yín, kò mọ ìbò yín

Ìyá kan wà ní ọjà Òjé tí mo máa ń ra ẹ̀lùbọ́ lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀rọ̀ òṣèlú délẹ̀, wọ́n ní níbi ìbò tó kọjá, ẹgbẹ́ tó pín owó fún àwọn làwọ́n dì fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíì ló wà lọ́kàn àwọn. Mo ní, "Ìyá, ta ló máa mọ̀?" Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o ò rí ẹ̀rọ tí wọ́n ní ká tẹ ìka sí ni? Ìka yẹn náà la tún fi tẹ ìwé. Tí wọ́n bá gbé e délé, kọ̀ǹpútà á jẹ́wọ́ pé èmi ni. Àwọn ọmọ tó pín owó ti kìlọ̀ fún wa."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Bẹẹrẹ. Mo gbọ́ ọ nínú máíkírà tó ń lọ sí Ìwó Róòdù. Ẹni tó ka yunifásítì jáde náà ti sọ ọ́ létí mi rí. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tó ní gbòǹgbò ni, ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn láti fà tu.

Gbòǹgbò kan wà ní ọdún 1991. Ẹni tó bá ti tó dìbò nígbà yẹn á rántí: nígbà ìbò gómìnà tó wáyé ní December, ṣe làwọn èèyàn tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tí wọ́n fẹ́, tí wọ́n ń ka orí kọ̀ọ̀kan. Onílé rẹ rí ọ, ẹni tó yá ọ lówó rí ọ, baálẹ̀ àdúgbò náà rí ọ. Nígbà tó fi máa di June 12, 1993, wọ́n ti yí i padà: èèyàn á tẹ̀ka ní kọ̀rọ̀, á wá sọ ìwé sínú àpótí ní gbangba. Ètò yí padà, ẹ̀rù ò yí padà. Àwọn tó tò lórí ìlà lọ́dún 1991 ló tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà, wọ́n sì ti fi ẹ̀rù yẹn sí wa létí ká tó gba káàdì.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀ lé ìyá dé ibùdó ìdìbò. Wọ́n yọ káàdì ìdìbò, òṣìṣẹ́ INEC gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní BVAS síwájú wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹ̀rọ yẹn ni pé kó wò ó bóyá ìka tàbí ojú tó wà níwájú rẹ̀ bá èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀ mu. Tó bá ti mu, ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni yìí ti wá, ó tán. Òṣìṣẹ́ kan sàmì sí orúkọ wọn nínú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò, wọ́n kun èékánná wọn ní tàdáwà. Ọ̀gá ibùdó wá ya ìwé ìbò kan lára ìdìpọ̀, ó lu òǹtẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì. Nọ́ńbà wà lára ìwé náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ nọ́ńbà yẹn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ ìyá dúró lórí tábìlì, ìwé bá ìyá lọ. Láti ibẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì ò tún pàdé mọ́.

Ẹ̀yìn páálí tí wọ́n fi ń bo olùdìbò lójú ni wọ́n ti tẹ̀ka. BVAS ò bá wọn débẹ̀. Ìwé wọn bọ́ sínú àpótí, ó dà pọ̀ mọ́ ti gbogbo àdúgbò. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á kà á lójú gbogbo èèyàn. Fọ́tò tí BVAS máa ń yà lálẹ́ ló ń da ọ̀rọ̀ rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìwé èsì ló ń yà, èyí tí wọ́n ń pè ní EC8A: ẹgbẹ́ báyìí ní iye báyìí. Orúkọ ìyá ò sí níbẹ̀.

Ẹnì kan á tún ní, "Ṣebí INEC ní ìka wa lọ́wọ́, kí wọ́n sá fi wé ti orí ìwé ìbò." Ọ̀rọ̀ náà ní ibi tó ti wá. Lẹ́yìn ìbò gómìnà Ọ̀ṣun ti 2007, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìtẹ̀ka orí ìwé ìbò lọ sí kóòtù. Ohun tí wọ́n ń wá nínú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni bóyá ìka ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó tẹ ọ̀pọ̀ ìwé. Àwọn olè ìbò ni wọ́n ń wá, wọn ò wá ìyá ẹlẹ́lùbọ́. Ẹjọ́ yẹn ń fà títí di November 26, 2010, níhìn-ín nílùú Ìbàdàn, kí Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn tó sọ pé Arẹ́gbẹ́ṣọlá ló wọlé. Ó lé ní ọdún mẹ́ta. Ọmọ tó fún yín ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà, ṣé ó máa gbé irú wàhálà yẹn rù nítorí tiyín?

Ibi tí àṣírí ti ń tú wà, n kò ní purọ́. Fóònù ni àkọ́kọ́. Ẹni tó ń rà ìbò mọ̀ pé òun ò lè rí ohun tó wà lẹ́yìn páálí, ìdí nìyẹn tó fi ń ní kẹ́ ẹ ya ìwé yín ní fọ́tò wá fún òun. INEC ti ka mímú fóònù wọ ibẹ̀ léèwọ̀. Ẹ rò ó wò ná: tó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ń jẹ́wọ́, kí ló fẹ́ fi fọ́tò ṣe?

Èkejì ni àwọn tó máa ń ní "ẹ jẹ́ ká bá màmá tẹ̀ ẹ́." Ẹni tí ojú ń dùn, tàbí tí kò lè dá tẹ̀ ẹ́ nítorí àìlera, lè mú ẹnì kan dání lóòótọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa yan ẹni náà. Àjẹ́ǹtì ẹgbẹ́ tó kàn sáré wá kì í ṣe ẹni yẹn.

Ẹ̀kẹta ni èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan. Gbangba ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, nítorí náà àwọn olóṣèlú á mọ iye tí àdúgbò yín fún wọn. Lọ́dún 2021, INEC sọ ibùdó ìdìbò 119,974 di 176,846 jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ó jẹ́ kí ibùdó súnmọ́ ilé, àmọ́ ibi tí olùdìbò bá ti kéré, àfojúdíwọ̀n rọrùn díẹ̀. Tí gbogbo ìbò ibùdó kan bá lọ sápá kan, ẹ̀yin náà mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àyàfi ìyẹn, àfojúdíwọ̀n ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n á sì máa sọ ọ́ bí ẹni tó rí i. Èsì tí wọ́n lẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ ya ní fọ́tò, èyí ò léèwọ̀ rárá.

Mo ní kí ìyá ya ewé kan fún mi nínú ìwé tí wọ́n ń kọ gbèsè sí. Mo fa ìlà sí i bí ìwé ìbò, ẹgbẹ́ kan lókè, èkejì nísàlẹ̀ rẹ̀, títí dé ìdí. Wọ́n fi àtàǹpàkò kan epo pupa alábàádúgbò wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ́ ìwé náà lu láti òkè wá sísàlẹ̀, epo kó bá ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀, wọ́n ní "Yéè!" Mo ní kí wọ́n gba òòró ṣẹ́ òmíì, apá òsì lu apá ọ̀tún, kí ojú ìwé wà nínú. Epo dúró sórí ìlà tirẹ̀. Àpótí INEC ń tàn bíi díńgí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwé nìkan ló máa hàn.

Ìyá yẹ̀ ẹ́ wò síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Owó tí mo gbà ńkọ́?"

Mo sọ fún wọn pé òfin ìdìbò ọdún 2022, tó wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà á, ò yọ ẹnì kankan sílẹ̀: ẹni tó ra ìbò àti ẹni tó tà á, owó ìtanràn nígbà yẹn lè tó 500,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì pa pọ̀.

Wọ́n ní ti ìjọ́sí ti di ẹ̀lùbọ́ tipẹ́, kóńgò mélòó ni mo fẹ́ rà.