Kí ni direct drive lára ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù?

Ẹ dúró ti ẹ̀rọ ata lọ́jà. Ẹ́ńjìnnì wà lọ́tọ̀, ibi tí wọ́n ń da ata sí wà lọ́tọ̀, bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀. Bí bẹ́líìtì bá ti dẹ̀, tí ata sì pọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ ó gbọ́ bí ìró rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Ẹ wá gbójú wo fáànù òkè àjà: kò ní bẹ́líìtì kankan. Ara mọ́tò tó ń yí gan-an ni wọ́n de apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́. Direct drive nìyẹn, pé kí mọ́tò fúnra rẹ̀ máa yí nǹkan, láìsí alágbàtà láàárín.

Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá gbọ́dọ̀ yí ìgbà 33⅓ láàárín ìṣẹ́jú kan, àwo kékeré ìgbà 45. Eré yìí kéré púpọ̀ fún mọ́tò tí wọ́n ń lò láyé ìgbà náà, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi bẹ́líìtì tàbí táyà róbà kékeré sáàárín kí eré lè wálẹ̀. Róbà a sì máa gbó, a máa nà, a máa yọ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ gángan lórí ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti nà: ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀, bí eré àwo bá ti ń mì, ẹnu ìlù á wọ́.

Matsushita, ilé iṣẹ́ tí Konosuke Matsushita dá sílẹ̀ ní Osaka, ní Japan, lọ́dún 1918, ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù direct drive wá sọ́jà. Láti 1965 ni wọ́n ti ń lo orúkọ Technics fún ẹ̀rọ orin wọn. Shuichi Obata, ẹnjiníà wọn, ló ṣáájú iṣẹ́ náà: mọ́tò tó lè rọra yí, tí kò sì ní gbọ̀n. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wọn, SP-10, dé lọ́dún 1970, SL-1200 tẹ̀ lé e ní 1972.

Lára Mk2, ẹ̀dà SL-1200 tó jáde ní 1979, bí ẹ bá ṣí àwo irin tí rẹ́kọ́ọ̀dù ń jókòó lé, ẹ ó bá òrùka mágínẹ́ẹ̀tì lábẹ́ rẹ̀, kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká jọ, sì wà nínú ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Àwo irin náà ti di apá kan mọ́tò!

Àwọn tó ń fetí sí orin nílé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe SL-1200 fún, àmọ́ àwọn DJ ló gbà á mọ́ra jù. Wọ́n á tẹ́ aṣọ fẹ́lìtì sábẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n á fọwọ́ dá a dúró, irin abẹ́ rẹ̀ á ṣì máa yí. Ẹ dán ìyẹn wò lórí bẹ́líìtì, kò ní pẹ́ tí róbà á fi bàjẹ́. Mk2 fi ìdá 0.7 ìṣẹ́jú àáyá bọ́ sí eré pípé, ó sì ní ohun tí wọ́n ń fà sókè sódò láti fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún kún eré tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n dáwọ́ ṣíṣe SL-1200 dúró ní 2010, ó tún padà sọ́jà ní 2016.

Bí ẹ bá rí Mk2 tó ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹjú mọ́ etí àwo irin náà. Àmì róbótó-róbótó wà níbẹ̀ ní ìlà mẹ́rin, iná pupa kékeré sì ń tàn sí wọn. Bí eré bá ti pé gẹ́lẹ́, ìlà kan nínú wọn á dúró ṣinṣin lójú yín, bẹ́ẹ̀ irin náà ń yí lọ.