Kí ló dé tí ìrìn gígùn fi ń lé àárẹ̀ lọ?

Ìbéèrè: Ìsọ̀ aṣọ ni mo ní ní Gbági. Bí mo bá délé lálẹ́, ẹsẹ̀ mi á ti wú, ara mi á wúwo. Àbúrò mi wá ní kí n máa fẹsẹ̀ rìn lójoojúmọ́. Ṣé ẹni tó ti rẹ̀ tún ń wá ìrìn kiri ni?

Ìdáhùn: Ìdúró lójú kan ló sábà máa ń fa irú wíwú bẹ́ẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ àṣejù. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n láti gbé e padà sókè, ó nílò iṣan tó wà lẹ́yìn ojúgun. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀, iṣan yẹn á fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì gòkè. Tí ẹ bá wá dúró ti àwọn oníbàárà láti àárọ̀ dọ̀sán, omi á rọra kó jọ sí ọrùn ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń wú, tàbí tí mímí ń nira fún yín, ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà lọ.

Ìbéèrè: Mo ṣáà ń rìn káàkiri nínú ọjà. Ìyẹn ò tó ni?

Ìdáhùn: Ó wúlò, àmọ́ ẹ̀ ń rìn, ẹ̀ ń dúró ni. Ìrìn tí kò dáwọ́ dúró ló ń kọ́ ọkàn níṣẹ́, tó ń bá wa rọ ẹ̀jẹ̀ ríru lójú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin, ìrìn yín ti yá tó. Ní Ìbàdàn, òkè á bá yín ṣe díẹ̀ níbẹ̀: ẹ gun Òkè Àrẹ lọ síbi Láyípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936 ní ìrántí Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, ẹ ó rí i pé itan ń ṣiṣẹ́. Ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀ o, torí orúnkún.

Ìbéèrè: 10,000 ìṣísẹ̀ lójúmọ́ tí wọ́n máa ń sọ pé ká rìn ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìpolówó ọjà ni. Ẹ̀rọ kan tí ń ka ìṣísẹ̀ ni wọ́n fi iye yẹn tà ní Jàpáàn lọ́dún 1965. Kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ìta? Ẹ̀rọ ìrìn wà ní ilé eré ìdárayá.

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ náà dára. Kódà, nígbà tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lọ́dún 2014, wọ́n rí i pé èrò tuntun máa ń yára sọ sí ẹni tó ń rìn ju ẹni tó jókòó lọ, ì báà kọjú sí ògiri lórí ẹ̀rọ. Ohun tí inú ilé ò ní ni ìmọ́lẹ̀. Bí ojú ọ̀run tiẹ̀ ṣú, ìta ṣì mọ́lẹ̀ ju yàrá tó ní gílóòbù lọ fíìfíì. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tó wọ ojú ló ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, tí oorun fi ń tètè kunni lálẹ́. Lójú tèmi, oorun yẹn gan-an lèrè tó tóbi jù.

Ìbéèrè: Oòrùn àti àwọn awakọ̀ onímáíkírà ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ tètè jáde. Níbi tí kò bá ti sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Nígbà ọyẹ́, kí ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ (asíímà) yẹra fún eruku.

Ìbéèrè: Mo jẹ àmàlà lálẹ́. Ṣé mo ṣì lè rìn?

Ìdáhùn: Ìgbà yẹn gan-an ló dáa. Bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, á máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò, kò ní jẹ́ kó ga jù lẹ́yìn oúnjẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wẹ́rẹ́ ti tó. Ẹni tó bá ń gba abẹ́rẹ́ ìnsúlíìnì ni kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè, torí ṣúgà lè lọ sílẹ̀ jù.