Páwà báìkì àtijọ́: ẹ bá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní tútù

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí èmi àti ọmọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ ta báìkì fún un ní Adó-Èkìtì. Honda CBR600F4i ni, ti ọdún 2002, pupa tòun ti dúdú, ó ń dán yinrin. Ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín kí a tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tó gbé wa. Èmi ò tilẹ̀ wo ẹwà rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo sì yára fà á padà. Ó gbóná.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, mo kàn fi lọ ra búrẹ́dì ni," oníbáìkì ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ní kò burú, a óò padà wá lọ́la láago mẹ́fà, kí wọ́n jọ̀ọ́ má fọwọ́ kàn án títí a ó fi dé. Ọmọ náà fajú ro títí a fi délé. Ó rò pé mo fẹ́ kí ọjà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń pa àṣírí ara rẹ̀ mọ́. Èyí tí kì í tètè jí, èyí tó ń rú èéfín, èyí tí ṣéènì inú rẹ̀ ti dẹ̀, gbogbo wọn ló máa ń dákẹ́ tí ooru bá ti wọ̀ wọ́n lára. Òtútù ni wọ́n fi ń jẹ́wọ́. Nítorí náà, tí ẹ bá bá a ní gbígbóná, ẹ padà sílé.

Tí ẹ bá tẹ sítátà, ẹ ní kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn kó máa wo ẹnu sàléńsà. Èéfín tó ní àwọ̀ búlúù bí aró, ọ́ìlì ló ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Èéfín dúdú kò bà mí lẹ́rù púpọ̀, epo bẹntiróòlù ló pọ̀ jù. Èéfín funfun díẹ̀ lásìkò ọyẹ́, omi lásán ni, á lọ. Èyí tó funfun, tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tó tún ń rùn dídùn-dídùn, omi rédíétọ̀ ló ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ náà. F4i yìí lókìkí fún àléébù kan: irin tó ń fa ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì le máa ń rẹ̀, á wá máa dún bí ẹni ń mi ẹ̀wà nínú agolo, tí ẹ bá sì fún un ní iná díẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì sáré sí i, ariwo náà á pòórá. Ó ṣe é pààrọ̀. Ẹ kàn má san owó báìkì tó dákẹ́ fún èyí tó ń pariwo.

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé, "Mítà rẹ̀ ti ká mélòó?" Èmi kì í kọ́kọ́ bèèrè ìyẹn. Ẹni tó bá ra mítà lára báìkì tó ti fọ́ lè gbé e sórí òmíràn láàárín wákàtí kan. Tí mítà náà bá tiẹ̀ sọ òótọ́, báìkì tó ti sáré 60,000 kìlómítà tí olówó rẹ̀ ń yí ọ́ìlì rẹ̀ déédéé, mo lè bá yín rà á. Èyí tó sáré 9,000 péré, tó wá sùn sínú gáráàjì ní òkè òkun fún ọdún mẹ́wàá kó tó wọ kọ̀ǹténà, ẹ jẹ́ ká fẹ̀sọ̀ ṣe é. Sísùn ló ń ba báìkì jẹ́ ju sísáré lọ. Epo inú rẹ̀ á di mọ́ nǹkan bí oje igi, táǹkì á dípẹtà (ẹ ṣí i, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i), gbogbo rọ́bà á máa là.

Ojú mi ti rí i rí. Páwà báìkì tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ rà, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, eyín rẹ̀ pé bíi tuntun. Mo gùn ún láti Àrámọkọ gba Ìtawúrè lọ sí Ẹ̀fọ̀n, òjò kékeré kan sì ti ta sílẹ̀. Níbi kọ́nà kan tó ń dagẹ̀rẹ̀, ìdí báìkì yọ̀ bí ẹni tó tẹ ọbẹ̀ ilá, mo bá ara mi nínú koríko. Ọlọ́run yọ mí, apá nìkan ló bó. Ìgbà tí mo délé ni mo tó tan iná sí ẹ̀gbẹ́ táyà náà tí mo rí 1104. Nọ́ńbà mẹ́rin tó máa ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ DOT lára táyà nìyẹn: ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ọdún 2004. Ọdún 2016 ni mo sì ń gùn ún. Táyà tó bá ti kọjá ọdún mẹ́fà, bó ti wù kó nípọn tó, mo máa ń yọ owó tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n bá pe báìkì.

Omi bíréèkì náà ń darúgbó. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Tí ó bá ti dúdú bíi kófì nínú ike kékeré tó wà níwájú, tí ẹ wá ń tẹ bíréèkì léraléra bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè wa wọ̀nyí, omi inú rẹ̀ á hó, bíréèkì á sì rọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ lè máà mọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí jù, nítorí òun ni mo rí tó ń já àwọn tó ra páwà báìkì tòkunbọ̀ jù sójú ọ̀nà. Kọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe iná. Rẹ́gúlétọ̀ ló ń tún un ṣe kó tó dé bátìrì, á sì sọ èyí tó bá ṣẹ́ kù di ooru. Ooru yẹn ló máa ń pa rẹ́gúlétọ̀ fúnra rẹ̀, pàápàá níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Ẹ mú mítà tí àwọn oníwáyà fi ń wọn iná dání. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, bátìrì tó dára máa ń wà ní nǹkan bíi fóòtì 12.6. Ẹ tẹ sítátà, ẹ fún un ní iná títí ọwọ́ RPM, èyí tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, á fi dé 5,000: ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.8. Tí kò bá kúrò ní 12, bátìrì nìkan ló ń gbé báìkì yẹn rìn, kò sì ní pẹ́ dá yín dúró. Tí ó bá kọjá 15, rẹ́gúlétọ̀ ti ń se bátìrì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí wáyà yẹ́lò mẹ́ta ti pàdé lára Honda. Tí ike tó so wọ́n pọ̀ bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí etí àkàrà tó fẹ́ jóná, ọ̀rọ̀ ti tán.

Férémù kò gba ìtàn púpọ̀. Ẹ yí ọwọ́ báìkì sọ́tùn-ún títí dé òpin, kí ẹ sì yí i sósì: irin kékeré tó ń dá a dúró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí ọ̀kan bá ti tẹ̀ tàbí tí wọ́n ti jó o pọ̀, ó ti ṣubú lọ́nà tó le. Nọ́ńbà ṣásíìsì tó wà lára ọrùn férémù jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀. JH2 ló bẹ̀rẹ̀ ti Honda tí wọ́n ṣe ní Jàpáánì, JYA ni ti Yamaha. Lára èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 2 ni 2002, 9 ni 2009, A ni 2010. Tí kò bá bá ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu, tàbí tí ẹ rí ojú ibi tí wọ́n ti fi fáìlì ha irin níbẹ̀, ẹ máa lọ sílé.

Kí ẹ tó san owó, ẹ gùn ún lọ sórí òkè kan, òkè kì í kúkú wọ́n wa. Ẹ fi í sí jíà kejì, kí ẹ fún un ní iná dáadáa. Tí ó bá ta jáde kúrò nínú jíà, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi ṣeré. Yamaha R1 tó kọ́kọ́ jáde ní 1998 lókìkí fún èyí. Títú ẹ́ńjìnnì sí méjì ni iṣẹ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì tí a padà lọ, CBR náà jí lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín kò sí, ariwo ẹ̀wà wà díẹ̀. Mítà iná sọ 12.2 ní 5,000. Oníbáìkì kọ́kọ́ bínú, ó tún rẹ́rìn-ín, ó yọ owó kọ́ìlì àti rẹ́gúlétọ̀ fún wa, ó yọ ti táyà méjèèjì mọ́ ọn. Ọmọ náà sanwó. Ọ̀dọ̀ vọ́káníísà la kọ́kọ́ lọ. Bó ṣe yọ táyà ẹ̀yìn, ó gbé e yẹ̀wò, ó ní kí n jọ̀ọ́ fi sílẹ̀ fún òun, ó ṣì nípọn, òun á rí ẹni tó máa rà á. Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gé e sí méjì.